Ṣé géèmù àtijọ́ ló dára jù, àbí àárò ìgbà èwe ló ń sọ àwa àgbà?

Ìbéèrè òǹkàwé kan:

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti pẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà, ẹ gbà mí níyànjú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé, mo sì ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti fi ra ẹ̀rọ géèmù. Gbogbo ẹni tó jù mí lọ tí mo bi léèrè ló ń sọ pé géèmù ayé ìgbà yín ló dára, pé ti ìsinsìnyí kàn ń dán lójú lásán ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo àwọn géèmù yẹn, àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kò ní ìka ọwọ́ ni mo rí, orí wọn sì dà bí páálí Indomie. Ṣé òótọ́ lẹ ń sọ, àbí ìgbà èwe yín lẹ ń ṣe àárò rẹ̀? Èkejì, ṣé kí n ra PS4 (PlayStation kẹrin, ẹ̀rọ géèmù ti Sony) tòkunbọ̀ báyìí ni, àbí kí n dúró títí owó mi yóò fi tó PS5, kí n sì mú èyí tí kò ní ojú díìsìkì, ibi tí wọ́n ń ki díìsìkì géèmù bọ̀, nítorí pé òun ni owó rẹ̀ fúyẹ́?

* * *

Àárò ń sọ mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Ọdún 1994 ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Mọ́kọlá, níbi tí wọ́n ti gbà mí láti máa tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú. Windows 3.1 ló wà lórí ẹ̀rọ náà. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń di máòsì mú, ṣe ni mo máa ń gbé e sókè kúrò lórí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ wo ìdí rẹ̀, ọ̀gá mi sì ní kí n lọ máa ta Solitaire, géèmù káàdì inú kọ̀ǹpútà, fún ọ̀sẹ̀ kan kí ọwọ́ mi lè rọ̀. Iṣẹ́ nìyẹn, wọ́n sì ń sanwó rẹ̀ fún mi. Nígbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé ọgbọ́n náà kì í ṣe ti ọ̀gá mi nìkan: láti ọdún 1990 tí Microsoft ti fi géèmù náà sínú Windows 3.0 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ti ń fi kọ́ bí a ṣe ń fi máòsì mú nǹkan níbì kan tí a sì ń fà á lọ síbòmíràn. Ọ̀dọ́ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, Wes Cherry, ló kọ ọ́, Susan Kare ló ya àwòrán àwọn káàdì náà. Cherry kò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀dà kankan nínú gbogbo ẹ̀dà tó tàn ká ayé. Fi Solitaire yìí sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ohun tí àwa àgbà kì í mẹ́nu kàn nígbà tí a bá ń ṣe àárò ni ìyà tó wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìkẹjà ní géèmù kan tí mo fẹ́ gbà, géèmù náà sì gba dískẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án, àwo pẹlẹbẹ tí a fi ń kó ohun inú kọ̀ǹpútà nígbà náà, nítorí pé dískẹ́ẹ̀tì kan kò lè gbà ju mẹ́gábáìtì 1.44 lọ. Mo wọ ọkọ̀ ní Ìwó Road láàárọ̀ Sátidé, a dà wọ́n kọ, mo fi ọ̀rá méjì wé wọn nítorí òjò, mo sì padà délé lálẹ́. Mo ki èkíní bọ ẹnu ẹ̀rọ, ó kùn díẹ̀, ó gbà á. Ó gba èkejì, ó gba ẹ̀kẹta. Nígbà tó kan èkeje, ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ha bí eku tó há sínú agolo, ó dákẹ́, ó sì kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé òun kò lè kà á. Mo padà lọ sí Ìkẹjà lọ́sẹ̀ kejì nítorí dískẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Mo délé, èkeje gbà, ẹ̀kẹjọ kọ̀. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá ọ̀rẹ́ mi ti gbà lọ́kàn ara wọn pé ọmọbìnrin àwọn ni mo ń wá wò, wọ́n sì ti gún iyán dè mí.

* * *

Mo ti ka gbogbo èsì tí àwọn òǹkàwé yòókù kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí. Ẹ̀gbọ́n tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ pé díìsìkì ti di ohun tí wọ́n ń kó sí ilé àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, pé bí àwọn bá fẹ́ géèmù kan, kí omi tíì tó hó ni yóò ti dáúnlóòdù tán. Àwọn mìíràn fara mọ́ ọn pé ìgbà àtijọ́ ló dára, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ohun tí wọ́n fi gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀, kì í ṣe géèmù ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú ni wọ́n ń rántí, tàbí gáàrì tí wọ́n jọ mu nígbà tí iná lọ, tàbí ilé tí wọ́n ti tà. N kò lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jiyàn, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ohun tí ọmọ yìí yóò fi owó rẹ̀ rà.

Ìyá tó kọ̀wé láti Abẹ́òkúta ní tiwọn sọ pé géèmù ló mú kí ọmọ àwọn fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, pé kò sí ohun tó wà fún ju pé kó ba ọmọ ènìyàn jẹ́ lọ. Ẹ má bínú sí mi, mà. Bàbá bàbá mi kò rí kọ̀ǹpútà rí títí wọ́n fi lọ, ṣùgbọ́n ọpọ́n ayò wọn kì í kúrò lábẹ́ igi ọ̀dán. Ihò 12 ni, ọmọ ayò 48, kò lo iná, kò lo bátìrì, síbẹ̀ mo rántí ọjọ́ tí ìyá àgbà gbé àwo ọkà dúró lé wọn lórí títí ọkà fi tutù, tí bàbá kò gbójú sókè wò wọ́n. Ọ̀ta ni wọ́n nídìí ayò, àwọn ọ̀pẹ tí wọ́n ń pa lójoojúmọ́ kì í sì í gbà kí wọ́n lọ sinmi. Bí ọmọ yín bá ń ta géèmù títí di aago méjì òru, mà, ẹ gba pádì tó fi ń darí géèmù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kọ́ ló bí i.

* * *

Ẹnì kan bi mí pé bí ìyà bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà, kí ló dé tí mo ṣì ń fi ẹnu dídùn sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó dára. Mo ní ilé géèmù kan ní Agbowó láàárín ọdún 2003 sí 2008. Mo fi PS1 mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, mo wá kún un pẹ̀lú PS2, ẹ̀rọ tí Sony tà tó lé ní mílíọ̀nù 155 kí wọ́n tó ṣíwọ́ ṣíṣe é. Tẹlifíṣọ̀n wa jẹ́ irú èyí tó ní ìkùn lẹ́yìn, jẹnẹrétọ̀ wa sì ni ti kékeré tí gbogbo ènìyàn ń pè ní I better pass my neighbour. Nígbà tí ojú tó ń ka díìsìkì nínú PS1 bá ti rẹ̀, ṣe ni a máa ń da ẹ̀rọ náà dojú dé, yóò sì tún máa kà bí ẹni tó jí lójú oorun. Ó pẹ́ tí mo fi rò pé àwa ará Agbowó la dá ọgbọ́n yẹn, àfi ìgbà tí mo gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń ṣe.

Winning Eleven, géèmù bọ́ọ̀lù ti ilé iṣẹ́ Konami, ni ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wá. Èdè Japan ló wà lára ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa, kò sí ọmọ kan tó lè ka lẹ́tà kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọ̀nà ilé nínú òkùnkùn: wọ́n á tẹ ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì olóbìírípo, ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù á sì ṣí. Díìsìkì náà kì í sì í ṣe ojúlówó. Alábà la ti ń rà á, géèmù kan náà sì ni lọ́dọọdún, àwọn ọlọ́jà ti fi ọwọ́ ara wọn gbé àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ sí kílọ́ọ̀bù tuntun wọn, wọ́n á sì kọ ọdún tuntun sí i lẹ́yìn. Nígbà mìíràn ẹ̀dà ọdún tó ń bọ̀ á ti wà lórí àtẹ kí ti ọdún yìí tó tán.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó já mi nírọ́, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́: èmi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ẹni tó ra ọjà yìí kò ra géèmù ojúlówó kan ṣoṣo kí ọdún 2010 tó dé. Mo gba ẹ̀bi mi.

Ẹni tó ní géèmù ìgbà náà kéré, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n n kò rí i bí àbùkù. Gbogbo Super Mario Bros. tí Nintendo gbé jáde lọ́dún 1985 jẹ́ kílóbáìtì 40 péré. Fọ́tò kan ṣoṣo tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ yìí lè tóbi jù ú lọ. Lónìí, géèmù tó ju gígábáìtì 100 lọ kì í ṣe ohun ìyanu mọ́, ẹni tó sì máa sanwó dátà rẹ̀ kò sí níbi ìpàdé tí wọ́n ti fẹnu kò sí i.

* * *

Ní Kérésì tó kọjá, ọmọ àbúrò mi ra díìsìkì géèmù kan fún PS4 rẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ojúlówó ni, nínú ọ̀rá rẹ̀. Ọmọ náà fi eyín ya ọ̀rá, ó gbóòórùn ìdí páálí náà bí a ṣe máa ń ṣe sí ìwé tuntun, ó sì fi díìsìkì sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló sọ fún wa pé ó ku gígábáìtì 38 tí òun máa dáúnlóòdù kí ẹnikẹ́ni tó lè ṣe géèmù náà. Mo bi ọmọ náà pé kí wá ló wà nínú díìsìkì tí a fi owó rà. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká sọ pé rìsíìtì ni, sà.”

A ra dátà. Ẹ rántí pé oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ni àjọ NCC, tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, kó má ṣáà ti ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Dátà tán nígbà tí géèmù ń lọ sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọmọ náà jókòó, ó ń wo ìlà tó dúró sójú kan, ó di pádì mú sọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tó ti kún kọjá.

Dískẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án tèmi kọ̀ nítorí pé ó bàjẹ́. Díìsìkì ọmọ yìí kò bàjẹ́, ó sì kọ̀, nítorí pé ohun tó kù nínú rẹ̀ wà nílé onílé. Bí mo bá rí dískẹ́ẹ̀tì tí kò bàjẹ́ nígbà náà, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Mo lè yá ọ̀rẹ́ mi, mo lè tà á, mo lè fi í sábẹ́ ibùsùn fún ọdún mẹ́wàá kí n sì padà wá ṣe géèmù náà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ni mò ń ṣe àárò rẹ̀, àbúrò. Kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù olórí páálí.

Àròsọ kọ́ ni ọ̀rọ̀ ìgbàṣẹ yìí. Ilé iṣẹ́ géèmù Ubisoft gbé géèmù ọkọ̀ eré ìje kan jáde lọ́dún 2014, The Crew ni orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n pa ẹ̀rọ ńlá tí géèmù náà ń bá sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wọn, láti ọjọ́ náà ni ẹni tó ra díìsìkì rẹ̀ kò sì lè fi wa ọkọ̀ kankan mọ́, kódà bó jẹ́ pé òun nìkan ló fẹ́ máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ nínú géèmù. Ohun tó bí ẹgbẹ́ Stop Killing Games nìyẹn, àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má pa géèmù tí ènìyàn ti rà, tí ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn ní ilẹ̀ Yúróòpù ti ní ìbuwọ́lù tó lé ní mílíọ̀nù kan nígbà tó fi di oṣù keje ọdún 2025. Steam pàápàá, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, ti ń sọ fún ọ kí o tó sanwó pé ìwé àṣẹ láti lo géèmù lò ń rà. Mo fẹ́ràn òtítọ́ wọn. Bí onílé ṣe ń sọ fún ayálégbé nìyẹn.

Solitaire wá ńkọ́? Nígbà tí Windows 8 dé lọ́dún 2012, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí Windows 10 dé lọ́dún 2015, wọ́n dá a padà, ṣùgbọ́n ìpolówó ọjà ti wọ inú rẹ̀, ẹni tí kò bá sì fẹ́ rí ìpolówó, kí ó máa san owó oṣooṣù. Géèmù tí ọ̀gá mi ń sanwó fún mi láti ṣe lọ́dún 1994 ti wá ń ní kí èmi sanwó kí n tó lè ṣe é ní ìrọwọ́rọsẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n Peckham ti dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ wọn sì mọ́gbọ́n dání ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Wọ́n ní díìsìkì náà máa ń ha, pé ọmọdé a máa fi ṣe àwo, pé wọ́n ti jí odindi àpò díìsìkì àwọn gbé rí, wọn kò sì rí i gbà padà, ṣùgbọ́n géèmù tí àwọn rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ jóná. Òótọ́ ni. Àní lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, èmi àti ọmọ mi tó wà ní Houston a máa gbá bọ́ọ̀lù pọ̀ lórí ẹ̀rọ, ó ń fi gólì mẹ́rin mẹ́rin nà mí, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ létí mi; kò sí PS2 kan ní Agbowó tó lè ṣe irú ìyẹn fún mi. Ohun tí mo kàn ń sọ ni pé ibi tí ẹ̀gbọ́n wà, iná kì í lọ kí wọ́n tó po tíì tán.

Ẹni tó ní kí ọmọ yìí fi owó náà ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, kó lè máa fi ṣe iṣẹ́ kó sì máa fi ṣe géèmù, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Microsoft ti ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń béèrè ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0 tí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kò ní. Owó RAM, ìyẹn ìrántí kọ̀ǹpútà, náà ti gun òkè láti ìparí ọdún 2025, nítorí pé àwọn tó ń kọ́ ilé ńláńlá fún àwọn ẹ̀rọ AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) ló ń kó o lọ. Láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú yóò tẹ ìwé fún un. Bọ́ọ̀lù ni kò ní gbá.

* * *

Ó dára, ìbéèrè rẹ gan-an. Ṣé géèmù àtijọ́ ló dára jù? Rárá. Mo tan Winning Eleven mi àtijọ́ ní oṣù tó kọjá láti fi han ọmọ àbúrò mi. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, asọ́lé mi ń ti ara rẹ̀ kiri bí adìẹ tí wọ́n so okùn mọ́ lẹ́sẹ̀, mo sì fọgbọ́n pa á kí ọmọ náà tó rí ojú mi.

Ra PS4 tòkunbọ̀. Kò sí PS4 tí kò ní ojú díìsìkì, ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá ọdún 2020 tí PS5 ti jáde ni èyí tí kò ní in ti wà lórí àtẹ pẹ̀lú èyí tó ní in, PS5 Pro ti ọdún 2024 kò sì ní in rárá àfi bí o bá lọ ra á lọ́tọ̀. Owó tí o rò pé o rí fi pamọ́ lórí èyí tí kò ní ojú díìsìkì, ọ̀nà kan ṣoṣo tí o lè gbà rí géèmù láìgba inú ṣọ́ọ̀bù Sony lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni o fi ta. O kò ní lè ra díìsìkì àlòkù lọ́wọ́ ẹni tó ti sú, o kò ní lè yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ ní òpin ọ̀sẹ̀, o kò sì ní lè tà á nígbà tí owó ilé bá dé.

Nígbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, má ṣe jẹ́ kó fi ara dídán ẹ̀rọ náà hàn ọ́, ìnura tútù ló fi nù ún. Gbọ́ ohùn fáànù rẹ̀. Wò ó bóyá ètò inú rẹ̀ ti tó ẹ̀dà 9.00 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí rẹ̀ sì nìyí: bátìrì rogodo kékeré kan wà nínú PS4, CR2032, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ aago. Nínú àwọn ẹ̀dà tó ṣáájú ìyẹn, bí bátìrì yẹn bá kú, ẹ̀rọ náà lè kọ̀ láti gba géèmù, àní ti orí díìsìkì pàápàá, títí yóò fi rí íntánẹ́ẹ̀tì láti bi Sony pé aago mélòó ló lù. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni wọ́n tó tún un ṣe.

Mú díìsìkì ti ara rẹ lọ, kì í ṣe tirẹ̀, kí o sì mú èyí tó ti pẹ́ díẹ̀, irú èyí tí géèmù wà nínú rẹ̀ pátápátá. Ní kí ó pa íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ náà kí o tó ki díìsìkì bọ̀ ọ́. Jókòó síbẹ̀, bó ti wù kí ojú rẹ̀ le sí ọ, títí bọ́ọ̀lù yóò fi bẹ̀rẹ̀, kí o sì gbá ìdajì àkọ́kọ́ tán. Bí ó bá kọ̀ nígbà tí o bá délé, dá a padà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, nítorí pé lọ́jọ́ kejì, ọlọ́jà náà kò ní mọ̀ ọ́ mọ́.